Ohun Tí Bàbá Tàfíńtà Mọ̀ Pẹ̀lú Mi

Nígbà tí a sin bàbá bàbá mi tán, a jókòó nínú àgbàlá wa ní Kàbà, àwọn ènìyàn sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bàbá kò pẹ́ dé ìsìn rí láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní kóòtù ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, kó má wulẹ̀ yẹ ìwé wò, kó bi Bàbá. Ìyá arúgbó kan tó ti Iyara wá sunkún débi pé kò lè sọ tirẹ̀ parí. Ẹnì kan wá dìde lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó yìn ín títí, ó nu ẹnu, ó ní, “Ènìyàn gidi ni. Àfi ti ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ṣá.”

Àwọn àgbà mi orí. Mo wà lórí àpótí kan lẹ́yìn àwọn obìnrin, mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ jábọ́.

Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn. Bàbá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ tó dìde níwájú gbogbo ilé tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo pa ẹnu mọ́. Mo kàwé, mo yege, mo wọ bàtà, wọ́n rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, mo ń sọ fún wọn pé irọ́ kò dára. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀, nítorí náà mo fi í ṣáájú, kí ó má baà di pé mo tún fi í pamọ́.

Tàfíńtà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ògbufọ̀ ni àwọn Yorùbá ará ìsàlẹ̀ ní gúúsù á sọ, ṣùgbọ́n abẹ́ Òkè Ọya ni ìjọba fi wá sí, orúkọ Haúsá sì pọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa: dógarì ni ọlọ́pàá ọba, tàfíńtà ni ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan tó ń gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún oríṣiríṣi Àjẹ́lẹ̀ Òyìnbó, àwọn gígùn àti àwọn kúkúrú. Kí n tó gbọ́n, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò bọ́ ẹ̀wù kákí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko, ó ń wọ̀ ọ́ jẹun. Àpò ọ̀tún wà fún ẹ̀pà yíyan, àpò òsì sì wà fún ìwé pélébé kan tó ti gbó ní etí.

Ó gbin igi kọfí díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ká a, tó ń sá a, tó ń yan án nínú ìkòkò fífọ́ títí èéfín á fi lé àwọn adìẹ sá. Ó kórò bí ewúro, kì í sì í fi ṣúgà sí i. Bí àlejò bá fún ojú pọ̀ lẹ́yìn tó tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ á dùn. “Àwọn Òyìnbó ló kọ́ mi ní mímu rẹ̀,” ni ó máa ń wí, “ṣùgbọ́n wọn ò lè yan án tó báyìí.”

Ìwé pélébé yẹn ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni ó ń kọ sínú rẹ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ohun tó jẹ́ lẹ́nu àwa Owé ará Kàbà, àti ìlà kẹta tó pè ní “bàbá rẹ̀”. Ìlà kẹta yìí ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí sì ń dùn ún. Bí ajíhìnrere tàbí olùkọ́ kan bá kọjá ní ilé wa, Bàbá á da kọfí fún un, á ṣí ìwé, á máa bi í léèrè. Mo bi í nígbà kan pé kí ló fẹ́ fi bàbá ọ̀rọ̀ ṣe, nígbà tó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó wò mí bíi pé mo ní kí ó jẹ iṣu láìbó. “Kò sí àlejò tó wọ ìlú yìí tí a ò bi í pé ọmọ ta ni. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ á kàn máa wọlé tí á máa jókòó?”

Ajíhìnrere kan ló sọ fún un pé Gíríìkì ni bàbá fìlọ́sọ́fì, pé ìfẹ́ ọgbọ́n ni ó túmọ̀ sí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọgbọ́n ni wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fà. Kò pẹ́ sí i ni òbúkọ wa fa ìwé náà yọ lápò ẹ̀wù tó sá sórí okùn, ó sì jẹ ewé méjì nínú rẹ̀. A rò pé Bàbá á pa á. Ó kàn yọ ìyókù lẹ́nu rẹ̀, ó nu itọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe òbúkọ yẹn ní Fìlọ́sọ́fà, títí a fi jẹ ẹ́ ní Kérésì.

Nípa iṣẹ́ rẹ̀, òfin méjì ni ó ní, ó sì máa ń fi ìka kà wọ́n fún mi. Èkínní ni pé tàfíńtà kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú. Èkejì ni pé tàfíńtà kì í sọ pé “ó ní”. Bí olè bá sọ pé “mo jí i”, “mo jí i” náà ni tàfíńtà á sọ fún Àjẹ́lẹ̀, bíi pé òun gan-an ni olè. Tó bá sọ pé “ó ní òun jí i”, ìròyìn ló ń ṣe yẹn, ó ti gbé ọ̀rọ̀ jìnnà sí ẹni tó ni ín. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á de bọ́tìnnì ẹ̀wù kákí rẹ̀ dé ọrùn, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á sì wo èjìká Àjẹ́lẹ̀, kò ní wo ojú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti dúró bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Ìtàn dógarì tuntun ni ó fẹ́ràn láti fi ṣe ẹ̀rí. Ọkùnrin kan láti Ayewa wà ní kóòtù lórí ọ̀ràn ewúrẹ́. Dógarì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́ Òyìnbó díẹ̀, kò gbọ́ Owé rárá. Ló bá gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Àjẹ́lẹ̀ pé, “Mo jí ewúrẹ́ náà, mo sì jẹ orí rẹ̀.” Ó fò dìde, ó di Bàbá ní ọrùn ọwọ́ mú. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, Àjẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ dorí kodò nítorí ẹ̀rín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń bá a lọ nígbà tí dógarì ń fà á, ó ní, “Mo sì ta awọ rẹ̀.” Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò dúró kí wọ́n tú u sílẹ̀ ná, ó ní, “Ọwọ́ ló dì mú, kò di ẹnu.”

Ìjà kò jìnnà sí i. Ó bá àna rẹ̀ kan yan odì fún ọdún mẹ́fà. Ọmọ àna yìí ló bú Àjẹ́lẹ̀ ní gbangba kóòtù, ẹjọ́ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì. Àna náà gbé iṣu wá ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ pé kí Bàbá bá òun fi omi sí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n bá ní kó tún un sọ. Bàbá gbé iṣu náà lérí, ó bá a gbé e padà dé ilé rẹ̀, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ pé ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, “Ọmọ rẹ ló ni ẹnu rẹ̀.”

Ẹ rí i pé kì í ṣe ènìyàn tó rọrùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú fún, òun ni wọ́n ń pè, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní bù ú, kò sì ní fi kún un. Bí Òyìnbó bá wá wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì dídè, ọwọ́ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣẹ́gun rẹ̀. Obìnrin kan láti Òkè-Bùkún ń jẹ́rìí lórí ààlà oko, ẹ̀rí rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀. Àjẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí conscience rẹ̀ ń sọ fún un. Bàbá ní ahọ́n òun kú. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì Òyìnbó, ó mọ̀ pé ẹ̀rí ọkàn ni wọ́n pè é nínú tiwa, ṣùgbọ́n kò mọ bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ fi ohun tí kò mọ ìdílé rẹ̀ lé obìnrin yìí lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Nígbẹ̀yìn ó bi í pé, “Kí ni ọkàn rẹ ń jẹ́rìí sí?” Obìnrin náà bínú. Ó ní, “Ọkàn mi kọ́ ló wà lóko lọ́jọ́ yẹn. Èmi àti àbúrò mi la wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é wá.” Wọ́n pe àbúrò, ọ̀rọ̀ sì tán láàárọ̀ kan.

Bàbá kọ conscience sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà kẹta wà lófìfo fún bí ogún ọdún. Ó bi ajíhìnrere, ó bi tísà, ó bi Àjẹ́lẹ̀ mìíràn tó wá lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ńlá, ó pè mí, ó fi ìka sí ìlà òfìfo náà. “Akọ̀wé, bí o bá rí bàbá eléyìí níbikíbi, mú un wá fún mi.”

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ mi. Mẹ́múnà ló sọ mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ìlú Kiri ni wọ́n ti fẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ jẹ́ aláró, bàbá rẹ̀ ń kírun, àwa sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi èyí ṣe nǹkan kan, ó kéré tán kí ọ̀rọ̀ aṣọ tó dé. Wọ́n ti bí mi sínú ilé kí ó tó wọlé wá, nítorí náà, bó tilẹ̀ ju mí lọ dáadáa, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Kì í pe orúkọ mi. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, “Akọ̀wé mi, okun o,” èmi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo sì ń jẹ́ ẹ bí àgbàlagbà. Ó gbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀ wá. Ìkòkò aró rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú ní aró dé ìgúnpá láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọdún yẹn ni Dèbórà fẹ́ lọ ilé ọkọ. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ọkọ ìyá yìí ló kú tó fi padà sílé wa. Òun ló ni ẹnu jù nínú ilé wa, etí rẹ̀ sì ń di díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bí ó bá ń sọ̀rọ̀, òpópónà gbọ́. Ó ń hun aṣọ funfun tí Dèbórà máa gbé lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi parí. Òfì tó fi ń hun ún dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ku bí ìbú ọwọ́ mẹ́rin kí ó parí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ló tutù jù nínú ilé. Ìdánwò ń bọ̀, mo fẹ́ ibi tí wọn ò ní rán mi níṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìyá Dèbórà lọ sí oko, mo gbé ìwé àti ìgò tàdáwà tí Bàbá fún mi, mo jókòó sí ìdí òfì, mo gbé ìgò náà lé orí igi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo nawọ́ láti pa eṣinṣin. Tàdáwà aláwọ̀ aró tú sára aṣọ funfun, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ lójú mi. Mo fi ọwọ́ nù ún, ó fẹ̀ sí i. Mo kó ìwé mi, mo sá gba ẹ̀yìnkùlé, mo ju ìgò sínú igbó. Mo lọ sí odò, mo fi iyanrìn ha ọwọ́ títí ó fi fẹ́ bó, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá mi kò mọ́.

Ẹ ti mọ ohun tí Ìyá Dèbórà rò nígbà tó dé. Aṣọ funfun di aláró, ta ló ní aró lọ́wọ́ nínú ilé? Ó pariwo títí gbogbo àdúgbò fi dé. Ó ní Mẹ́múnà ń jowú, pé ọdún kejì rẹ̀ nìyí kò tíì bímọ, ó wá ń fi ọwọ́ aró ba aṣọ ìyàwó jẹ́. Mẹ́múnà ní òun kò dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì rí bó ṣe máa ń rí. Wọ́n bú u lọ́jọ́ náà, wọ́n bú u lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bú Kiri mọ́ ọn, wọ́n bú ìkírun bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n pe gbogbo ilé jọ ní àárọ̀ láti ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wá mú ọmọ wọn.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo jẹun, mo gba omi lọ́wọ́ Mẹ́múnà, ó kúnlẹ̀ fún mi.

Bàbá kò tíì fojú kan aṣọ náà; ó ti wà ní abà oko rẹ̀, àárọ̀ náà ni wọ́n lọ pè é. Ó ní kí wọ́n gbé e wá tòun tòfì. Ó sún imú mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Mẹ́múnà. Ẹni tó fi tàdáwà kọ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí bí yóò ṣe pè é ní aró. Ojú rẹ̀ wá ń lọ yí ká lára wa, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo ki ìka mi sínú. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. 

Bàbá dìde. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì wo èjìká Ìyá Dèbórà.

“Mo gbé tàdáwà lọ sí ìdí òfì láti lọ kọ̀wé,” ó ní. “Ó dà sára aṣọ náà. Mo fi ọwọ́ nù ún, ó fẹ̀ sí i, mo bá sá. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, ni mo ṣe jẹ́ kí wọ́n máa bú ìyàwó ilé.”

Mi ò sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sí èyí tó fi kún un, kò sí èyí tó fi sílẹ̀.

“Ẹ̀yin, Bàbá?” ni Ìyá Dèbórà wí. “Ẹ̀yin? Ọjọ́ mẹ́ta!”

Bàbá jókòó. Wọ́n bẹ Mẹ́múnà, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìyá Dèbórà gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, Bàbá ń yan kọfí, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú èéfín. Kò gbójú sókè. “Tàfíńtà kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀,” ó ní. “Lónìí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.” Ó bu kọfí fún mi, ó ń dúró. Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Mo mu ún tán, mo fọ ife, mo lọ ka ìwé mi.

Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan lè sanwó bẹ́ẹ̀ fún gbólóhùn mẹ́rin. Ìlú gbọ́. Wọn kò bínú pé arúgbó da tàdáwà nù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó jókòó ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n tilẹ̀ gbàgbé pé oko ló wà. Àwọn ìdílé tó ń pè é láti bá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ kò pè é mọ́. Nígbà tí Òyìnbó tún wá wàásù, tísà ọ̀dọ́ kan ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Bàbá sì jókòó sí àárín ìjọ pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀ ní ṣíṣí. Mo gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá lè fi ọ̀rọ̀ aṣọ pamọ́ lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pamọ́. Bàbá gbọ́ ọ náà. Ó kí onítọ̀hún, ó ní, “Okun o,” a sì lọ sílé.

Ní ọdún kejì ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin. Ìwé atúmọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, tó wúwo bí ọmọ ọdún kan, ó sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo wá conscience lọ́jọ́ kan. Mo kọ lẹ́tà sí Bàbá, inú mi ń dùn bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó sọnù. Mo ní ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n Látìnì ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀ka méjì ló ní: “pẹ̀lú” ni ìkínní, “mímọ̀” ni ìkejì. Òun àti sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, nítorí “mímọ̀” yẹn ló wà nínú àwọn méjèèjì. Mo ní àwọn Látìnì wo ti Gíríìkì kí wọ́n tó ṣe tiwọn, pé ti Gíríìkì náà jẹ́ mímọ̀ pẹ̀lú. Àti pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ẹlòmíràn, bí ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀, ni wọ́n ń lò ó fún. Lẹ́yìn náà ni ó wá di ohun tí ènìyàn mọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Mo kọ gbogbo èyí ní ọwọ́ tó dára. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ń kọ.

Èsì Bàbá kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní òun dúpẹ́, òun ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní obìnrin Òkè-Bùkún yẹn mọ̀ ọ́n ju Àjẹ́lẹ̀ lọ. Ìlà kẹta ni, “Mímọ̀ pẹ̀lú ta ni?”

Mo ka ìlà yẹn lórí ibùsùn mi. Mo kọ̀wé padà pé ìwé atúmọ̀ kò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ìwé atúmọ̀ bo ojú. Ní gbogbo ìsinmi tí mo lọ sílé lẹ́yìn náà, Bàbá á yan kọfí, á bu ún fún mi, á sì jókòó. Kò bi mí mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́, nípa Òmìnira tí wọ́n ní ó ń bọ̀, nípa bàtà. Nígbà kan mo ti la ẹnu, mo ti sọ pé “Bàbá, aṣọ…”, ó sì gbé orí sókè kíá. Mo ní, “Aṣọ yín ti gbó, màá ra tuntun fún yín.” Ó wo ẹ̀wù kákí rẹ̀. “Ó ṣì dára,” ó ní. “Màá ṣì lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ọyẹ́ ọdún yìí ni ó kú, kí n tó dé. Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, ní àárọ̀, Mẹ́múnà wá bá mi ní yàrá pẹ̀lú ìwé pélébé yẹn. Ó ti bí ọmọ méjì báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú dé ìgúnpá. Ó kúnlẹ̀. “Bàbá ní kí n fún yín, Akọ̀wé.” Mo ṣí i. Conscience wà níbẹ̀. Ìlà kẹta ti kún ní ọwọ́ Bàbá. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ìlà kẹrin, èyí tí kò ṣe fún ọ̀rọ̀ mìíràn: “Àwa tí a mọ̀ ọ́n: èmi, Mẹ́múnà, Akọ̀wé.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀?” mo bi í.

“Ọmọ aláró ni mí,” ó ní. “Ṣé mi ò mọ aró ni? Mo sì rí ìka yín nígbà tí ẹ gba omi lọ́wọ́ mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?”

“Ọkọ mi ni yín. Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún pé ọkọ mi purọ́?” Ó ń tún etí aṣọ mi ṣe bó ti ń sọ̀rọ̀. “Mo lọ bá Bàbá nígbà tí àwọn ìdílé kò pè wọ́n mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ìlú lè máa pè wọ́n padà. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀.” Ó fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà. “Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yín bá fẹ́ wọlé láti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù kákí yẹn dé ọrùn.”

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, Mẹ́múnà sì dì mí mú. Lẹ́yìn náà mo fọ ojú, mo jáde.

Wọ́n ti pé sí àgbàlá fún àdúrà ìkẹyìn, gbogbo ilé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ti Iyara wá. Ìyá Dèbórà wà níwájú lórí àga. Mi ò dúró kí wọ́n pè mí. Mo dúró sí ibi tí Bàbá dúró sí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.

“Èmi ni mo da tàdáwà sára aṣọ Dèbórà,” mo ní. “Bàbá kò sí níbẹ̀. Oko ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n sọ.”

 Ìyá Dèbórà na ọrùn síwájú, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Kí ló wí?”

Kò sí ẹni tó bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà fún un. Mo rìn lọ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tún un sọ.